Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Kéú tí Ẹ Ń Wọ Yunifásítì

 

Ẹ̀yin àbúrò wa, inú wa ń dùn bí àwọn tó parí Thánáwì ṣe ń rí àyè wọ yunifásítì. Àwọn kan ń lọ kọ́ èdè Lárúbáwá tàbí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, àwọn mìíràn ń lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n wíwọlé nìkan kọ́ ni iṣẹ́, jíjáde pẹ̀lú èsì tó dára ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ni ọdún àkọ́kọ́ máa ń dà láàmú, kì í ṣe pé orí wọn kò pé, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tó sọ fún wọn bí ibẹ̀ ṣe rí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

1. ORÚKỌ ÀTI ÌWÉ Ẹ̀RÍ

Kí ẹ tó di ẹrù rárá, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí ẹní, kí ẹ sì ka orúkọ tó wà lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa ọmọ kéú ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá jù. Alúfàá kọ Abdul-Ganiyy sínú ìwé Thánáwì, ilé-ìwé girama kọ Abdulganiyu, ẹni tó gba orúkọ fún NIN kọ Ganiyu lásán. Lójú tiwa, orúkọ kan náà ni. Lójú akọ̀wé tó ń yẹ ìwé wò, ènìyàn mẹ́ta ni. Ìwé ìbúra láti kóòtù lè tán apá kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe NIN àti ti JAMB máa ń gba àsìkò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ ìwọlé tó pé.

Àwọn ìwé tí wọ́n sábà máa ń bèèrè ni ìwé ìgbaniwọlé JAMB, èsì WAEC tàbí NECO, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ àti fọ́tò pélébé. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn dání. Ẹ má ṣe fi ojúlówó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí ó bá yín tọ́jú rẹ̀.

2. ÌFORÚKỌSÍLẸ̀

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tó ti san owó ilé-ìwé ti forúkọ sílẹ̀ tán. Lẹ́yìn owó, àyẹ̀wò ìlera wà níbẹ̀, nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀, èyí tí olùkọ́ tí wọ́n yàn ṣe olùdámọ̀ràn yín ní láti fọwọ́ sí. Ẹni tó jókòó ní kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò forúkọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kò ní rí máàkì rẹ̀ gbà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì títí ẹ ó fi gboyè jáde.

3. BÍ Ẹ̀KỌ́ ṢE RÍ NÍBẸ̀

Ní ilé-kéú, a jókòó níwájú alúfàá, ó kà, a kà tẹ̀lé e, kò sì ní ṣí ojú ewé mìíràn títí a ó fi mọ ti àná. Ní yunifásítì, olùkọ́ lè dúró níwájú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ó dárúkọ ìwé mẹ́ta, kí ó sì máa lọ. Ẹ̀yin ni ẹ ó wá ìwé náà lọ sí láíbìrì.

Ọpọlọ tí a ti fi há Àlùkùránì jẹ́ ohun ìní ńlá, ṣùgbọ́n kò tó kí ẹ há ọ̀rọ̀ olùkọ́ nìkan. Yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ, ìdánwò ibẹ̀ tún máa ń bèèrè ohun tó fà á, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rí sí i. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gba ẹ̀kọ́, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ ohun tó yé yín. Ibi tí kálámù bá ti dúró ni ibi tí kò tíì yé yín.

Ẹ má ṣe sá fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, títí kan ẹni tó ń kọ́ Lárúbáwá. Ẹ máa ka ojú ewé ìwé ìròyìn kan sókè lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín nítorí àṣìsọ, ẹ tún un sọ; ìtìjú kì í kọ́ ọmọ lédè.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èsì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, òdíwọ̀n 5 ni wọ́n ń lò. Máàkì 70 sókè jẹ́ A, ó gba àmì 5; 60 sí 69 jẹ́ B, ó gba 4; 50 sí 59 jẹ́ C, ó gba 3; 45 sí 49 jẹ́ D, ó gba 2. Iye yunìtì ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń sọ àmì yìí di púpọ̀. Bí ẹnì kan bá gba A nínú ẹ̀kọ́ oníyunìtì 3, B nínú oníyunìtì 2, àti C nínú oníyunìtì 2, ó ní 15, 8 àti 6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29. Bí a bá fi yunìtì 7 pín in, ó di 4.14. Láti 4.50 lọ sókè ni ipò kìn-ín-ní. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé èsì ọdún kìíní kì í parẹ́. Ẹni tó bá fi í ṣeré ni yóò fi àwọn ọdún tó kù sáré lé e.

Fóònù ti wà báyìí tó lè bá ènìyàn kọ iṣẹ́ àṣetiléwá láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè fi bèèrè ohun tó ta kókó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi kọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ìmọ̀ sílẹ̀ fún fóònù, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó mú un wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

4. OWÓ, ILÉ ÀTI OÚNJẸ

Láti ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó nípasẹ̀ NELFUND. Àwọn òbí kan bẹ̀rù rẹ̀ nítorí èlé, ṣùgbọ́n kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. Owó ìtọ́jú ara ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. NIN wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè, èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí orúkọ fi gbọ́dọ̀ bára mu. Síbẹ̀, gbèsè ni. Ẹni tó bá yá a yóò san án padà nígbà tó bá ríṣẹ́ lẹ́yìn àgùnbánirọ̀. A kì í fi ra aṣọ òde.

Ibùsùn inú ọgbà kì í sábà kárí. Bí ẹ bá ní láti gba yàrá níta, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ilé tí ẹ kò fi ẹsẹ̀ ara yín wọ̀. Ẹ wo omi, ẹ wo ilẹ̀kùn, ẹ sì rin ọ̀nà ibẹ̀ ní alẹ́. Owó oṣù kan, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan jẹ ti ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjà ìlú ni kí ẹ ti ra gáàrì, ẹ̀wà àti ìrẹsì, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì.

5. ÌRUN, Ọ̀RẸ́ ÀTI ẸGBẸ́

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ wo àkókò ẹ̀kọ́ yín. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí àkókò Jímọ̀ọ̀, ẹ jọ lọ bá olùkọ́ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó wọra. Ohun tí wọ́n lè fi ìrọ̀rùn yí padà ní ọ̀sẹ̀ kìíní máa ń ṣòro ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ẹgbẹ́ MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1954, wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹ̀gbọ́n tó lè yá yín ní ìwé.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kì í fi ojú búburú wá. Ẹni tó san owó oúnjẹ fún yín, tó ní òun yóò máa gbèjà yín, tó wá pè yín sí àpèjẹ òru, ẹ má tẹ̀lé e. Ní oṣù keje ọdún 1999, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní òru kan ní yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn òbí wọn rán wọn lọ kàwé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán ẹ̀yin náà ni. Bí wọ́n bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ tètè sọ fún òbí àti àwọn aláṣẹ ilé-ìwé.

Ní ìparí, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Sùúrù, jíjí ní àsùbáà àti ọ̀wọ̀ fún olùkọ́ tí ẹ kọ́ ní ilé-kéú, ẹrù tí kò wúwo ni. Ẹ gbé e dání lọ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ lọ rere, kí ẹ bọ̀ rere, kí Ó sì fi ìmọ̀ yín ṣe wá láǹfààní. Àmín.