Sípíkà Kọ̀ǹpútà Lẹ́yìn Àga

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ OOU ni mí, ní Àgọ́-Ìwòyè. Ṣé mo lè fi sípíkà kọ̀ǹpútà ṣe sípíkà ẹ̀yìn fún àńpù 5.1 mi?

Ìdáhùn: O lè ṣe é, ṣùgbọ́n ihò tó o máa ki wáyà bọ̀ ló ṣòro. Sípíkà kọ̀ǹpútà tó ń lo iná ti ní àńpù tirẹ̀ nínú. Bó o bá so ó mọ́ ojú ibi tí wáyà sípíkà lásán ń wọ̀, ó lè jóná. Ihò “pre-out” ni kó o wá lára àńpù rẹ, ìyẹn ihò tí ohùn ń gbà jáde kí àńpù tó fún un lágbára. Bí kò bá sí, ra sípíkà lásán. Tòkunbọ̀ náà tó. Gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ àga, sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n ga ju etí lọ. Nínú àńpù, yan “small” fún wọn, kí báàsì lè lọ sọ́dọ̀ súbúwúfà, ìyẹn sípíkà báàsì. Aládùúgbò á sì gbọ́ ọ, kò sí àní-àní.