Ẹ Má Sọ Kíróṣé Di Iṣẹ́ Ìjọba Mìíràn

Ẹ̀yin olóòtú,

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Níbi tí mo ti ń palẹ̀ yàrá mọ́ ni mo ti rí kíróṣé tí mo bẹ̀rẹ̀ kí n tó bí àbíkẹ́yìn mi: aṣọ orí tábìlì, kò tíì dé ìdajì, píìnì ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń wù mí kí n tún mú un. Ṣùgbọ́n ó ń wù mí láti kọ́ adìrẹ náà, mo sì ti gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ọkọ mi ní mo ń ṣe bí ọmọ tó rí àkàrà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi ọkùnrin ní tí mo bá máa hun nǹkan, kí n kúkú máa tà á lórí Instagram. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní kí n kọ́ òun. Ṣé kí n parí ti àtijọ́ ná?

— Tíṣà Àná, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ àná mà, ẹ sì kú ìsinmi. Ìbéèrè tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn: rárá o, ẹ má parí rẹ̀. Bí oníkálukú ṣe ń fa òwú yàtọ̀ síra. Ọwọ́ ẹlòmíì le, ti ẹlòmíì dẹ̀, ti ẹnì kan náà sì máa ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Tí ẹ bá mú un níbi tí ẹ bá a dé, ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ á hàn gbangba. Ẹ ó máa tú u, ẹ ó máa tún un hun, títí gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò fi sú yín.

A dúpẹ́ pé ojú òwú kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí píìnì kíróṣé. Kò rí bí híhun onírin méjì, tí ojú tó lé ní ọgọ́rùn-ún lè wà lórí irin, tí wọ́n á sì máa tú tí irin bá yọ. Ibi tó bá wù yín lẹ ti lè gé òwú, kí ẹ fà á gba inú ojú tó kẹ́yìn, ó parí. Tó bá jẹ́ pé láti àárín lẹ ti ń hun ún yípo, aṣọ orí tíréè nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìlà-ìlà, ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ sí àárín tábìlì. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá píìnì ti dípẹtà sí i lára. Òwú tó ṣẹ́ kù nínú àpò, ẹ fà á wò. Èyí tó bá já wẹ́rẹ́, ẹ má fi í hun ohunkóhun.

Nǹkan kékeré ni kí ẹ wá fi bẹ̀rẹ̀, bíi fìlà ọmọ ìkókó. Ooru tiwa yìí, òwú gidi ló bá a mu ju wúlù lọ. Ohun kan wà tó máa ń da àwọn tó padà sídìí kíróṣé láàmú: bí wọ́n bá fi ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yín nílé ìwé, tí ẹ wá lọ ń wo àwọn ará Amẹ́ríkà lórí YouTube, ohun tí ẹ mọ̀ sí double crochet ni àwọn yẹn ń pè ní single crochet. Iṣẹ́ yín á máa kúrú ju tiwọn lọ, ẹ ó sì rò pé ọpọlọ yín ló ti gbàgbé. Nọ́ńbà ara píìnì náà bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà 6 àtijọ́ tàwọn Gẹ̀ẹ́sì ni 5 mm òde òní, òun náà ni Amẹ́ríkà ń pè ní H-8. Mìlímítà ni kí ẹ máa wò.

Ọ̀rọ̀ títà. Mo mọ̀ pé ire ni ọmọ yín ń rò. Ṣùgbọ́n láyé tí a wà yìí, èèyàn ò lè dín àkàrà dídùn fún ọ̀rẹ́ kí wọ́n má ní kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kíróṣé ò ní ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn ṣe é. Ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gba owó tó tó wákàtí tí ẹ lò, oníbàárà á ní ó ti wọ́n jù. Tí ẹ bá sì dín in, ẹ ti di òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń bi pé "mà, ọjọ́ wo ló máa jáde?" Ṣebí torí irú ìbéèrè yẹn lẹ ṣe fẹ̀yìn tì? Ẹ máa fún èèyàn lẹ́bùn, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ọdún yóò fi yí po. Ẹni tó bá lóun fẹ́ rà, ẹ ní kò sí lórí àtẹ.

Ní ti adìrẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nílùú tí ọjà adìrẹ Ìtòkú wà ni wọ́n ń fi lọ̀! Láyé àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni aládìrẹ, ọ̀tọ̀ ni aláró. Ẹ lè mú apá aládìrẹ nìkan, kí ẹ máa fi ìko di aṣọ tàbí kí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ rán an ní ìjókòó, kí ẹ wá gbé e fún ẹni tó ń rẹ aró. Iṣẹ́ ìkòkò àti omi kì í ṣe ti ẹ̀yìn ẹni tó ti dúró níwájú bọ́ọ̀dù láti ìgbà èwe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí aṣọ ń gbẹ kíá, ni kí ẹ fi sí. Nígbà òjò, ẹ wà nídìí ewédú yín lẹ́yìnkùlé láàárọ̀. Tí òjò bá lé yín wọlé, ẹ mú píìnì. Kò sóhun tó burú tí adìrẹ bá sùn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ sọ fún bàbá pé ọmọ tó rí àkàrà mẹ́ta kì í kì wọ́n bọ ẹnu pọ̀. Ó ń jẹ ọ̀kan, ó ń fojú ṣọ́ méjì.

Ìka ọwọ́ ńkọ́? Ẹ máa dáwọ́ dúró kó tó dùn yín. Tó bá ń kú tipiri lóru, dókítà ni kí ẹ lọ rí.

Ọmọ-ọmọ yín, ẹ kọ́ ọ o, ní báyìí tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ fún un ní píìnì 5 mm àti òwú tó nípọn, aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ojú ẹ̀yin méjèèjì lè rí ibi tí píìnì máa gbà. Ẹ má ra dúdú.