Ẹ Má Dúró de Ọ́kẹ́sírà Ńlá

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń tẹ dùùrù ní Awada, nítòsí Onitsha, ẹ má dúró de ọ́kẹ́sírà ńlá kí ẹ tó kọ́ kọnṣẹ́tò, ìyẹn orin tí dùùrù ń léwájú, tí ọ́kẹ́sírà sì ń gbè é. Nígbà tí Mozart, olórin òyìnbó, kọ kọnṣẹ́tò dùùrù mẹ́ta, K. 413 sí 415 (nọ́ńbà wọn nínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀), ní Vienna ní 1782 sí 1783, ó polówó wọn pé fáyólíìnì méjì, fíólà kan àti sẹ́lò kan péré tó láti gbè wọ́n. Olórin mẹ́rin! Ṣọ́ọ̀ṣì kan lè kó wọn jọ. Láàrin olórin mẹ́rin bẹ́ẹ̀, kò sí ariwo tí ẹ ó fara pamọ́ sí: bí ẹ bá sáré, gbogbo ilé á gbọ́. Ẹ ó sì kọ́ láti dákẹ́ nígbà tí orin bá kan ẹlòmíì, èyí tó nira fún ọ̀pọ̀ atẹdùùrù ju kí ìka yá lọ.

Ẹnìkan lè ní orin òyìnbó ni, kí ló kan ọmọ Ígbò? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ orin òyìnbó ni Joshua Uzoigwe, ọmọ Ígbò tó ń kọ orin sílẹ̀, gbà kó tó gbé ukom, ìlù Ígbò, sórí dùùrù nínú orin rẹ̀, Talking Drums. Akin Euba, ọmọ Yorùbá tó ń kọ orin sílẹ̀, náà fi dùùrù ṣe ohùn ìlù Yorùbá. Nítorí náà, ẹ fi apá kejì K. 414 bẹ̀rẹ̀, torí ó ń lọ jẹ́jẹ́, kí ẹni tó ń ta sẹ́lò sì jókòó síbi tí ojú yín ti lè ṣe mẹ́rin.