Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ ERÉ GỌ́Ọ̀FÙ ṢE Ń DI OWÓ ÌRÀNLỌ́WỌ́

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kan àwa oníṣòwò nínú gọ́ọ̀fù, eré àwọn olówó?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde ni mo fẹ́ kí a kọ́.

1. BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1937, Bing Crosby, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ oòjọ́ jọ sí Rancho Santa Fe ní Kalifọ́níà. Ó ní kí àwọn ògbólógbòó àti àwọn tó ń gbá a fún fàájì jọ ṣeré pọ̀. Sam Snead ló borí, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ 500 dọ́là. Ogun Àgbáyé Kejì dá eré náà dúró. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1947, wọ́n gbé e lọ sí Pebble Beach, èrè rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní àti ẹgbẹ́ aláàánú agbègbè ibẹ̀.

Crosby kú ní 1977. Ilé-iṣẹ́ AT&T di alátìlẹ́yìn eré náà ní 1986, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ìdí ni pé kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Àjọ tí kì í pín èrè fún ara rẹ̀ ló ń bójú tó o.

2. IBI TÍ OWÓ TI Ń WÁ

(a) Àwọn tó ń gbá a fún fàájì ń sanwó kí wọ́n tó bá ògbólógbòó ṣeré.
(b) Àwọn ilé-iṣẹ́ ń sanwó kí orúkọ wọn lè hàn lórí pápá.
(d) Àwọn òǹwòran ń sanwó ìwọlé.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìnáwó a sì dín kù.

3. IBI TÍ OWÓ TI Ń JÒ

Ká sọ pé agbábọ́ọ̀lù 80 san ₦50,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦4,000,000 nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ alátìlẹ́yìn san ₦5,000,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦9,000,000. Owó pápá, oúnjẹ, aṣọ àti ẹ̀bùn gba ₦6,000,000. ₦3,000,000 péré ló kù fún aláìní, kì í ṣe ₦9,000,000 tí a ó fẹ́ máa pariwo. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá yẹ àdéhùn ńkọ́? Gbèsè ₦2,000,000 ni a ó jẹ!

Ojú mi ti rí i. Ẹgbẹ́ kan tí mo wà tẹ́lẹ̀ kówó jọ fún ilé àwọn ọmọ aláìníyàá. A pa màlúù, a gbé onílù wá, a dá aṣọ. Nígbà tí a ṣírò tán, owó tó kù kò tó ra wàrà oṣù kan fún àwọn ọmọ náà. Ojú tì mí láti gbé e lọ. Àwa la jẹ owó ọmọ aláìníyàá, a ò kàn fi ọwọ́ jí i ni.

4. OHUN TÓ KÀN WÁ

Nínú ìlànà méje tí àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé fọwọ́ sí ní 1995, ìkeje ni pé kí ẹgbẹ́ bìkítà fún agbègbè rẹ̀. Kò dandan kó jẹ́ gọ́ọ̀fù. Ìdíje ayò tàbí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ náà tó. Ṣùgbọ́n:

– Kí owó alátìlẹ́yìn wọlé kí a tó ná kọ́bọ̀.
– Kí owó náà ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, kó má dàpọ̀ mọ́ owó ìdókòwò wa.
– Kí gbogbo ìnáwó ní rìsíìtì.
– Kí a ka ìṣirò rẹ̀ ní ìpàdé, kí a sì fi ìwé ẹni tó gba owó hàn.
– Kí a ṣe é lọ́dọọdún, ní oṣù kan náà, kí ènìyàn lè máa retí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èwo ló ṣe pàtàkì jù: owó tó wọlé ni, àbí èyí tó kù?
2. Ta ni aláìní tó sún mọ́ ọjà wa jù lọ?
3. Ìnáwó wo ni a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ jíròrò rẹ̀ ní ẹ̀ka yín, kí ẹ sì mú èsì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Akọ̀wé yín