ÀLÒKÙ IRINṢẸ́: Ẹ SỌ ÀLÉÉBÙ RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ KÓGBÁ SÍLÉ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Orí ọ̀rọ̀ òwò ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn nínú wa á ṣòwò ní Òkè Ọya fún ọgbọ̀n ọdún, á wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, òun ń padà sílé. Ìgbà náà ni irinṣẹ́ yóò kù nílẹ̀ tí yóò fẹ́ tà. Báwo ni yóò ṣe tà á tí owó rẹ̀ yóò fi jẹ́ haláàlì?

Ní Jos, ará wa kan ń gbin òdòdó tà, ó sì ń bá àwọn onílé gé koríko àgbàlá wọn. Nígbà tí ó fẹ́ kógbá sílé, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde: ẹ̀rọ tí à ń tì fi gé koríko, ike tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fín oògùn, pọ́ǹpù omi, rọ́bà omi, bárò méjì, ọkọ́, àdá àti réèkì. Ó ní kí a wá dúró ti òun, nítorí a mọ ọjà í tà, a sì gbọ́ Hausa. Ọ̀dọ́mọkùnrin Hausa kan ni ó wá ra ẹ̀rọ. Owó àjọ tí wọ́n ń pè ní adashe ni ó kó wá, ó fẹ́ fi dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Kí ó tó dé, ará wa ti tan ẹ̀rọ náà títí ó fi gbóná. A mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá tutù, a ó fa okùn rẹ̀ títí kí ó tó dáhùn. Bí ó bá sì dáhùn, èéfín tó dà bí aró ni yóò máa tú, nítorí ó ti ń jẹ ọ́ìlì. Ará wa rọra sọ fún wa ní Yorùbá pé: “Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan. Ọ̀túnla ni a ó wọkọ̀. Níbo ni yóò ti rí wa?”

Kí a má purọ́, a kọ́kọ́ dákẹ́. Ọmọ ìlú wa ni, a ti jọ jẹ, a ti jọ mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ka owó rẹ̀, owó tí ó ti rún, ara wa kò gbà á mọ́. A ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí a jọ lọ kírun Àsárì, kí ọmọ náà tún un tàn bí a bá dé. A dé, ó tàn án, ó rí i. Ó rà á, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà ni ó san. Ará wa kò bá wa sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ. Ó dùn wá, àmọ́ a kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn sọ. Imaamu Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra pé Ànábì (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó sì bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Olówó rẹ̀ ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ tí a ti mú gbóná sílẹ̀ de oníbàárà kò yàtọ̀ sí oúnjẹ gbígbẹ tí a fi bo èyí tó tutù.

Ẹlòmíràn á ní: “Mo ti sọ pé àlòkù ni, kí ó rà á bí ó ṣe rí i.” Ẹ gbọ́ èyí nínú Muwatta Imaamu Maliki, ẹni tí à ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà rẹ̀. Abdullahi ọmọ Umar ta ẹrú kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láyé ìgbà náà, ní 800 dirham, pẹ̀lú àdéhùn pé àléébù kò sí lọ́rùn òun mọ́. Ẹni tó rà á fi àìsàn ẹrú náà sùn. Sayyidina Uthman ní kí Abdullahi búra pé òun kò mọ̀ nípa àìsàn náà nígbà tí òun tà á. Ó kọ̀, kò búra, ó gba ẹrú náà padà. Ara ẹrú náà wá yá, ó sì tà á ní 1500 dirham. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé “bí o ṣe rí i ni kí o rà á” kò lè wẹ àléébù tí a mọ̀ tí a fi pamọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń kógbá sílé:

1. Kí ó jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ tan ẹ̀rọ nígbà tó tutù, kí ó sì sọ ohun tí a ti pààrọ̀ nínú rẹ̀.

2. Kí ó sọ oògùn tí a ti fi ike fín. Ike tí a fi fín oògùn koríko, tí a kò fi ọṣẹ fọ̀ léraléra, lè pa ewébẹ̀ oníbàárà. Bí ó bá ń jò, kí ó sọ, nítorí ẹ̀yìn ènìyàn ni oògùn náà yóò jò sí. Bí paraquat bá ṣẹ́ kù, kí ó má fi ṣe ènì fún ẹnikẹ́ni: NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024.

3. Kí ó ya irinṣẹ́ tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn sọ́tọ̀, kí ó dá a padà. Ẹni tó ti san àsansílẹ̀, kí ó gba owó rẹ̀.

4. Bí owó bá ṣẹ́ kù lọ́rùn oníbàárà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, bí Súrà Baqarah ti pa á láṣẹ ní ẹsẹ 282. Kí wọ́n kọ àléébù tí a sọ mọ́ ọn.

Ó ṣẹ́ ku ìbéèrè ará wa: níbo ni yóò ti rí wa? Òótọ́ ni, ó lè má rí wa mọ́. Ṣùgbọ́n yóò rí àwọn ọmọ wa tó kù ní Jos, yóò rí ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkòríta, yóò sì wí pé Bayarabe ló rẹ́ òun jẹ. Àwọn ni yóò san gbèsè tí a jẹ. Ọlọ́hun ní tirẹ̀ kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ilé wa fún Un.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó sì mú wa délé láyọ̀. Wa billāhi tawfīq.