Okun Bátìrì, Agbára Ẹ́ńjìnnì

Lórí básíkù oníbátìrì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "agbára", ni wọ́n sábà fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Èyí tó gun òkè láìfà sẹ́yìn, wọ́n ní ó lágbára. Èyí tí bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú, wọ́n ní òun náà lágbára. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ìkọ̀ọ̀kan. Okun ni ohun tó wà nípamọ́ nínú; agbára ni bí a ṣe ń tú u jáde lójú ẹsẹ̀. Òwe tó ní okun inú ni a fi ń gbé tìta ti là á kedere. Okun ni wọ́n ń kọ Wh sí lára bátìrì, ìyẹn wátì-wákàtí. Wátì lásán ni agbára.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí ẹnì kan bá pe "kẹ̀kẹ́", Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọkàn ń lọ sí, nítorí náà "básíkù oníbátìrì" ló yé ni jù. "Mọ́tò" náà kò dára fún ohun tó ń yí táyà rẹ̀. Ọkọ̀ ni mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ni kí a pè é.

Básíkù fífúyẹ́ ti Yúróòpù sábà máa ń ní ẹ́ńjìnnì wátì 250, ibi tí òfin wọn gbà á dé, bátìrì rẹ̀ sì lè jẹ́ Wh 250. Nọ́ńbà kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá lo gbogbo agbára rẹ̀, okun náà kò ní ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Bí ẹni tó gùn ún bá ń fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, Wh 10 lè gbé e rin kìlómítà kan, kìlómítà 25 lápapọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè á dé ibẹ̀. Àbọ̀ ni kò dájú.

Ṣé kí a wá fi bátìrì ńlá sí i? "Ìwọ̀n rẹ̀ á pọ̀" ni wọ́n máa ń wí, ṣùgbọ́n gígùn ní ìwọ̀n, omi ní ìwọ̀n. "Á wúwo" ló ṣe tààrà. Bátìrì lithium Wh 500 fi nǹkan bíi kìlógíráàmù kan ààbọ̀ wúwo ju ti 250 lọ. Láti gbé básíkù àti ẹni tó gùn ún, kìlógíráàmù 100 lápapọ̀, gun òkè tó ga ní mítà 100, nǹkan bíi Wh 27 ni iṣẹ́ náà. Àlékún kìlógíráàmù kan ààbọ̀ yẹn kò fi ìdajì Wh kan kún un. Eré ló ń fa iná: bí eré bá di ìlọ́po méjì, atẹ́gùn tó ń ti ni padà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà tí bátìrì bá kú sọ́nà, tó wá ku ẹsẹ̀ nìkan, tàbí tí a fẹ́ gbé básíkù gun àtẹ̀gùn, ni wíwúwo ń dun ni.

Ìyàtọ̀ okun àti agbára kò mọ sí básíkù nìkan. Ní Gbamu-Gbamu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ilé-iṣẹ́ Rubitec gbé iná oòrùn kílówátì 85 kalẹ̀ ní 2018, ilé-iṣẹ́ MAX ti Èkó sì gbé alùpùpù oníbátìrì lọ síbẹ̀ dán wò. Agbára ni kílówátì 85 yẹn. Kò sọ iye okun tí wọ́n tọ́jú di alẹ́. Ní Kùtọnu àti Lomé, àwọn ọlọ́kadà ilé-iṣẹ́ Spiro kì í dúró ṣáàjì, wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì ni. "Mo fẹ́ ṣáàjì" àti "mo fẹ́ pààrọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà níbẹ̀: ti àkọ́kọ́ gba wákàtí, ti ìkejì gba ìṣẹ́jú, ọ̀kadà kò sì ní láti ru okun gbogbo ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.