Ọwọ́ Ni Kó Kọ́kọ́ Bèèrè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń wọ́ àwọn eléré lára ní Ouagadougou níbí, mo ń rí yín. Bí eléré kẹ̀kẹ́ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní òpin ìrìn ọjọ́ kan nínú Tour du Faso, tí eruku pupa ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, tí kò tíì mu omi, ẹ ti fa ẹ̀rọ yọ nínú àpò, ẹ ti gbé e lé e nítan, ó ń dún gbìrìrìrì. Ẹ kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Láti 1987 ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ yìí la àwọn ọ̀nà Burkina já, ó sì ti pẹ́ tí èmi náà ti ń dúró ní òpin ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura àti ike òrí. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó lé yín lọ́wọ́.

Mo ní ẹ̀rọ náà, mo sì ń lò ó. Ìbọn màsáàjì ni àwọn ará ilé ń pè é. Pistolet ni àwọn kínẹ́ ìlú yìí, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ayé yín ni gbígbọ̀n wọ inú iṣẹ́ yìí. Ní Paris, ní 1892, Jean-Martin Charcot, àgbà dókítà ilé ìwòsàn Salpêtrière, sọ pé àwọn aláìsàn òun tí ara wọn ń gan, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, a máa rí ìtura bí wọ́n bá ti rin ìrìn àjò gígùn nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà. Ó ní kí wọ́n kan àga kan tí yóò máa mi ènìyàn bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń mì í. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín lónìí kò tíì dàgbà. Jason Wersland, ará Amẹ́ríkà kan tó ń tọ́ eegun ẹ̀yìn, ní ìjàǹbá alùpùpù ní 2007, ìrora kò jẹ́ kó sinmi, ó sì mú ẹ̀rọ oníná tí àwọn káfíńtà fi ń gé pákó, ó tún un ṣe láti fi máa lu iṣan ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbọn màsáàjì tó ń jẹ́ Theragun ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni gbígbọ̀n yìí ń ṣe gan-an? Bí ọmọ kékeré bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, ìyá rẹ̀ a fi ọwọ́ ra ibẹ̀ kíákíá, ẹkún a sì rọlẹ̀. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé ohun tí ìyá yẹn ń ṣe. Àwọn iṣan ìmọ̀lára tín-ín-rín ló ń gbé ìrora lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Èyí tó lọ́ra jù nínú wọn kì í rìn ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó nípọn ló ń gbé ìfọwọ́kàn àti gbígbọ̀n, ìrìn tiwọn sì ju mítà 30 lọ. Ẹ fi wé ẹnu ọ̀nà ọjà Rood-Woko nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la: bí èrò tó ń sáré bá ti kún ẹnu ọ̀nà, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí àyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbọ̀n ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ ìrora. Arúgbó náà kò kúrò níbẹ̀ o. Ìta ló wà. Nítorí náà, bí ìrora bá rọlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ yín, iṣan tó ṣèṣe kò tíì jinná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, torí òun ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ dúró lé.

Ẹ sì jẹ́ kí a jáwọ́ nínú irọ́ kan. Mo ń gbọ́ tí ẹ ń sọ fún àwọn eléré pé ẹ ń fa ásíìdì jáde nínú iṣan wọn. Ásíìdì tí ẹ ń wí, ara fúnra rẹ̀ ti kó o kúrò láàárín bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré. Ara ríro tó máa ń dé lọ́la àti lọ́túnla jẹ́ ti iṣan tó ya wẹ́wẹ́ nínú, Theodore Hough sì ti kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti 1902. Ìgbà tí ènìyàn bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ òkè, tàbí tó fò tó ń balẹ̀, ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ wo Hugues Fabrice Zango tiwa níbí, tó fo mítà 18.07 nínú gbọ̀ngàn ní Aubière lọ́jọ́ 16 oṣù kìíní 2021, tó sì gba bàbà ní Tokyo lọ́dún yẹn kan náà, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Burkina Faso gbà. Nínú ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló ń gbé ìwúwo gbogbo ara ní ìlọ́po-ìlọ́po. Oorun, oúnjẹ, omi àti ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ ló ń tún irú iṣan bẹ́ẹ̀ ṣe. Tiwa ni pé kí ẹlẹ́sẹ̀ lè sùn, kí ó lè na ẹsẹ̀. Andreas Konrad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Austria dán an wò ní 2020: ìṣẹ́jú 5 lórí iṣan ẹ̀yìn ojúgun mú kí ọrùn ẹsẹ̀ tẹ̀ síwájú sí i ní bíi ìwọ̀n dígírì 5, agbára ẹsẹ̀ kò sì dín kù. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Ẹ má fi kún un.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń lò ó kò gùn. Orí ẹ̀rọ tó rí roboto, tó sì rọ̀, ni kí ẹ lò; èyí tó ṣe ṣónṣó, ẹ fi sílẹ̀ nínú àpótí. Ẹ fi ìyára tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, torí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n tó ìgbà 30 sí 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì tó. Ìṣẹ́jú kan sí méjì fún iṣan kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ìwúwo ẹ̀rọ náà tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ máa wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀: bí ó bá ká wọn kò, tàbí tó di èémí mú, ara ń bá yín jà, bó tilẹ̀ ń fi ẹnu sọ pé kò sí wàhálà. Ẹ má sì dúró pẹ́ níbi tí iṣan ti so mọ́ eegun. Láti 1966 ni Eklund àti Hagbarth ní Sweden ti fi hàn pé bí a bá gbọ̀n ibẹ̀, iṣan a máa fà fúnra rẹ̀. Ẹ ń wá kí ó dẹ̀, ẹ sì ń pàṣẹ fún un pé kó le.

Mo ṣe àṣìṣe kan rí. Orúnkún ẹlòmíràn gbá agbábọ́ọ̀lù kan nítan lórí pápá. Lọ́jọ́ kejì itan wú, ó ní kí n bá òun ṣe é nítorí ìdíje wọn ti sún mọ́. Ẹ̀rọ oníwáyà ńlá la ní nígbà náà. Mo gbọ̀n ibẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara tù ú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan líle kan wà nínú itan náà, X-ray sì fi hàn pé eegun ń hù nínú ẹran ara. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú iṣan ni mo rú sókè kí ara tó rí àyè kó o. Gbogbo eré ọdún yẹn ló pàdánù. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ibi tí nǹkan bá gbá, kí wákàtí 72 tó pé, ẹ̀rọ mi kì í dé ibẹ̀.

Ti ẹlòmíràn tún burú ju tèmi lọ. Ní 2021, àwọn dókítà ní Ṣáínà kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́, tí olùkọ́ rẹ̀ fi ìbọn màsáàjì lu itan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 nítorí pé ó ń ro ó. Iṣan itan rẹ̀ fọ́, èérí iṣan náà wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì dà bí omi tíì. Irú èyí lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ oòrùn Ouagadougou ní oṣù kẹrin, tó ń kọjá dígírì 40, tí eléré ti gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ ara. Bó bá jẹ́ pajápajá ló mú un, ẹ bá a na ẹsẹ̀ náà, ẹ gbàgbé ẹ̀rọ.

Àwọn ìrora kan wà tó ń gbé aṣọ iṣan wọ̀. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n ń pè ní drépano níbí. Ẹ̀jẹ̀ S àti ẹ̀jẹ̀ C pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí, S sì pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Ẹni tó ní SC, ìyẹn méjèèjì pọ̀, lè dàgbà, kó máa gbá bọ́ọ̀lù, kó má mọ̀ pé òun ní in, títí di ọjọ́ tí itan àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa ro ó lẹ́yìn eré nínú ọyẹ́. Bí ìrora bá jinlẹ̀ dé inú eegun, tó sì wà ní ibi méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ darí rẹ̀ sí. Èkejì ni ti àwọn ènìyàn wa tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti Èkó wá síbí, ọjọ́ méjì lórí ìjókòó. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń ro ó lẹ́yìn ojúgun, ẹ má wọ́ ọ rárá, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ lé e: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, gbígbọ̀n sì lè sún un lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú kò lè sọ fún yín pé ẹ ń pa òun lára. Ọrùn, ọ̀pá ẹ̀yìn, kòtò ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ikùn aláboyún, ẹ yà fún wọn.

Ẹ ṣọ́ ọwọ́ tiyín náà. Ní 1918, Alice Hamilton lọ wo àwọn agbẹ́kùúta ní Bedford, ní Indiana, tí ẹ̀rọ wọn ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́: ìka wọn ń funfun bí ẹfun, kò sì ń mọ nǹkan lára mọ́. Gbígbọ̀n tí Charcot fi tu ènìyàn lára ló ba ìka àwọn yẹn jẹ́. Bí ó ṣe le tó àti iye wákàtí ló yàtọ̀. Láti 2002 ni Yúróòpù ti fi òfin dín iye gbígbọ̀n tó lè kan ọwọ́ òṣìṣẹ́ lójúmọ́ kù. Ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́, ẹ má dì í mú gírígírí, ẹ sinmi láàárín ẹni kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò lórí ọ̀nà yangí látàárọ̀, tó wá sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun: gbígbọ̀n ti tó o. Ẹ fi ọwọ́ àti òrí bá a wọ́ ọ, kí ẹ sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jókòó.

Àwọn Mossi kì í kí ènìyàn kí wọ́n má bèèrè laafi, tó bá àlàáfíà tiwa tan. Ẹ kọ́ ọ lára wọn. Lọ́la, kí ẹ tó tẹ swíìṣì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó ń dùn ún bóyá ó gbóná, ẹ bi í bóyá nǹkan gbá a níbẹ̀ àti irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, kí ẹ sì bi í pé kí ni àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.